Ẹ Má Pe Ọmọ Kọjá Ojú Irin

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Dinah Adéyẹmí dúró sí láàárọ̀ Sátidé yẹn, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Hadassah!"

Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ ẹnu. Kò dáhùn láti ibẹ̀. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sínú ife, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ adìẹ kan pa, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, mà."

"Èmi ni. Lọ fi omi ṣan ẹnu rẹ, kí o wá bá mi to mọ́ínmọ́ín yìí sínú kúlà."

Obed, ọkọ Dinah, ń nu gíláàsì mọ́tò rẹ̀ níta. Ó rẹ́rìn-ín. "Dinah, ṣé o ò lè jẹ́ kí ọmọ fọ ẹnu tán? Tó bá jẹ́ pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Á so tówẹ́ẹ̀lì mọ́ra, á wá," ni Dinah fi dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ lọmọ gidi fi ń jẹ́ ìpè, kì í ṣe ẹnu. Ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe tọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn."

Òfin ilé Dinah ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá pe ọmọ, ọmọ kò gbọdọ̀ dúró lókèèrè kó máa pariwo "Mà!" bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ó gbọ́dọ̀ sáré dé iwájú ẹni tó pè é, kó kúnlẹ̀, kó tó la ẹnu. Bí àgbà bá sì pè é léraléra, tí ohùn náà le, ọmọ ti mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ni kó kúnlẹ̀ sí, kó máa retí ohun tó bá fẹ́ tẹ̀lé e. Pàṣán ni Dinah fi kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ojú líle ló fi kọ́ Hadassah, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ̀.

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni Dinah ń rán. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìlá. Tó bá gbé aṣọ lọ, àwọn olùkọ́ máa ń sọ fún un pé, "Mà, ọmọ yín yàtọ̀. Tí a bá pè é, ó ti dé." Ó máa ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hadassah. Ayọ̀ọlá, ọmọ Dinah, àti Purity ìyàwó rẹ̀, ló bí i. Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ sì ń gbé wọn jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọmọ wá sílé. Nígbà tó wà ní Èkó, fèrèsé yàrá wọn dojú kọ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Kò sí ojú irin ní Ìlá, ọmọ náà kò sì gbàgbé. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, páálí bísíkíìtì, òkìtì iyanrìn, kò sí ibi tí kò ya ọkọ̀ ojú irin sí.

Bernice, ọmọ àbúrò Obed, ló ní kí wọ́n mú un wá. Òṣìṣẹ́ ni Bernice ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọsàn, tó jìnnà díẹ̀ sí Ìlá. "Ẹ mú un wá ní Sátidé," ó ní, "kó jókòó, kó máa wò wọ́n títí yóò fi sú u."

"Ká jókòó ká máa wo ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́?" ni Dinah ti sọ. "Ṣé iṣẹ́ ló tán láyé?" Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wọn. Kò lè fi ọmọ lé Obed nìkan lọ́wọ́, nítorí tí Obed bá ti rí ẹni tí wọ́n lè jọ tàkùrọ̀sọ, ó parí.

Ọ̀nà Ìgbájọ ni wọ́n gbà, torí Obed fẹ́ já iṣu sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbẹ̀. Láàárín àwọn òkè yẹn, Hadassah kò dákẹ́. Ó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó máa wá, àwọ̀ tí wọ́n máa ń kùn ún, bí fèrè rẹ̀ ṣe máa ń dún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìdí-Ọsàn, Dinah ti ń gbọ́ fèrè nínú orí rẹ̀.

Ibùdó náà kò tóbi. Pèpéle méjì tí kò ga ju orúnkún lọ ló kọjú síra wọn, irin méjì tí ọkọ̀ kan ń tọ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Igi dóńgóyárò ńlá kan ṣíji bo bẹ́ǹṣì lápá ibí. Lápá ọ̀hún, táǹkì omi àtijọ́ kan dúró lórí ẹsẹ̀ irin, ó ti dípẹtà. Àárín irin gan-an ni ẹnì kan sá ẹ̀gẹ́ sí. Ewúrẹ́ méjì ń jẹ níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan sì gbé ọ̀kadà rẹ̀ gorí irin, ó gba ibẹ̀ kọjá bíi pé ìta ilé bàbá rẹ̀ ni.

Bernice jáde nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì yíjú sí obìnrin tó ni ẹ̀gẹ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹ̀gẹ́ yín kúrò."

"Ọkọ̀ yín tó jẹ́ pé ó lè má wá fún ọjọ́ mẹ́ta!" ni ìyá náà dáhùn.

"Ọjọ́ tó bá wá ni mò ń sọ, Ìyá. Kò ní ránṣẹ́ sí yín kó tó dé."

Ìyá náà ń kùn, ó ń kó o. Bernice wá mú àwọn àlejò rẹ̀ lọ sábẹ́ igi. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà òfeefèé tí wọ́n fà sórí pèpéle.

"Hadassah, kò sí ohun tó máa mú ẹ kọjá ìlà yìí. Ara ọkọ̀ náà fẹ̀ ju irin tó ń tọ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé òun ti yà fún un lè ṣì wà níbi tó ti máa gbá a."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Tí a bá fẹ́ lọ sápá ọ̀hún, orí pákó ìkọjá tó wà níparí pèpéle yẹn nìkan la máa gbà, èmi ni màá sì mú ẹ lọ́wọ́. A máa dúró, a máa wo ọ̀tún, a máa wo òsì. A ò ní gbọ́kàn lé etí. Atẹ́gùn máa ń gbé ìró rẹ̀ lọ síbòmíràn." Ó wá yíjú sí Dinah. "Màmá, ẹ dákun, ó ku ẹyọ kan. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni kọjá ojú irin. Ẹni tí ẹ bá ń wá, ẹ rìn lọ bá a."

Dinah bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n máa rìn lọ bá ọmọ tí mo lè pè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹni tí wọ́n pè kì í wo ojú irin mọ́. Ojú ẹni tó pè é ló máa ń wò."

"Bóyá àwọn ọmọ ìgboro níbí. Tèmi ní làákàyè."

Bernice kò bá a jiyàn. Ta ni yóò bá Dinah jiyàn?

Ká sọ òtítọ́, ọjọ́ náà dùn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò tètè dé, ṣùgbọ́n Hadassah kò jẹ́ kó sú wọn. Ó jókòó sẹ́yìn ìlà, ó na ọrùn. Lójijì ó gbé ìka sókè. "Ẹ gbọ́! Irin ń kùn."

Dinah tẹ́tí. Lóòótọ́, ìró kan wà nínú irin náà, bí ìgbà tí oyin wà nínú ihò igi. Fèrè dún. Ẹ́ńjìnnì yọ ní kọ̀rọ̀, ó pupa, ó ní ìlà funfun níwájú, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ bàtà wọn.

"Ẹrù ló kó!" Hadassah ń pariwo. "Tó bá jẹ́ èrò ni, fèrèsé á wà lára ẹ! Ìyá àgbà, ẹ wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀!"

Awakọ̀ yọ ọwọ́ sí wọn. Kí Dinah tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti já gèlè rẹ̀, ó ń jù ú. Nígbà tí ìrù ọkọ̀ náà kọjá tán, ó rí i pé òun dúró, òun ń rẹ́rìn-ín, orí òun sì ṣí sílẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀ọlá," ni Obed wí, "ṣé iṣẹ́ ti tán láyé ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀?"

Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Oòrùn gun orí igi. Hadassah ní òun fẹ́ rí táǹkì omi yẹn, Bernice sì sọ fún un pé ibẹ̀ làwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń fi iná àti omi ṣiṣẹ́ ti máa ń mu omi. Ó mú ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n rìn dé pákó ìkọjá, wọ́n dúró, wọ́n wo ọ̀tún àti òsì, wọ́n sì kọjá lọ sápá ọ̀hún. Dinah rí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí fóònù Bernice fi dún. Ibùdó tó ṣìkejì ló pè é: ẹ́ńjìnnì tó kọjá lẹ́ẹ̀kan ti já ẹrù sílẹ̀, òun nìkan ló ń padà bọ̀. Bernice yọ àsíá rẹ̀. "Dúró tì mí níbí," ó sọ fún Hadassah. "Apá ibí la ti máa wo èyí." Ó yíjú sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ máa gbà yọ, ó na àsíá.

Lábẹ́ igi lápá ibí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èyí. Bàbá arúgbó kan ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó ń fi ọ̀pá rìn.

"Obed Adéyẹmí! Ṣé ìwọ nìyí, àbí òkú ẹ?"

"Fáwùmí! Ìwọ tí eyín ti tán lẹ́nu ẹ, ìwọ lò ń bèèrè òkú ẹlòmíràn?"

Ará Òkè-Ìlá ni Fáwùmí, òun àti Obed ló jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé nítòsí ibùdó náà. Dinah kúnlẹ̀ kí i. Fáwùmí jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó, o ṣeun. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa kúnlẹ̀ kí mi láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Àwọn ọmọ wọn ń kọjá lára mi bíi pé òpó iná ni mí. Àwọn òbí ò tọ́ ọmọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta Dinah lára. "Kì í ṣe gbogbo òbí, Bàbá. Ẹ dúró ná, kí n fi tèmi hàn yín."

"Ọmọ náà wà lódìkejì," ni Obed sọ. "Jẹ́ kó dé."

"Ohun tó jẹ́ kí n pè é nísinsìnyí nìyẹn. Ẹ máa wò ó."

Ó gbé ojú sókè, ó pe orúkọ náà bó ṣe máa ń pè é látẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Hadassah!"

Ọmọ náà yí orí padà. Ó wo ẹ̀yìn Bernice, ó wo ìyá àgbà rẹ̀. Kò wo ojú irin. Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì pupa yẹn yọ ní kọ̀rọ̀, kò fa ohunkóhun, kò sì pariwo bíi ti àkọ́kọ́. Dinah rí i. Ẹ̀rù gbé ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Hadassah! Hadassah! Hadassah!"

Ohùn náà le. Ọmọ náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín irin méjèèjì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì gbé ojú sí ìyá àgbà rẹ̀.

Bernice ti yí padà, ó ń ké pé, "Padà! Hadassah, padà wá!" Ọmọ náà kò mira. Kì í ṣe Àǹtí Bernice ló pè é. Dinah wo ojú ọmọ náà, ó wo orúnkún rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì rí i pé ohùn òun ló so ó mọ́bẹ̀. Ohùn mìíràn kò lè tú u.

"Mi ò pè ẹ́ mọ́!" ó ké. "Má dá mi lóhùn! Dìde! Sá tọ Bernice lọ! Sá fún mi!"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé èdè àjèjì ló ń sọ. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, torí pé ìyá àgbà ló wí i, ó dìde, ó yíjú padà, ó sáré. Bernice ti dojúbolẹ̀ lórí pèpéle, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó gbá a mú lábíyá, ó fà á.

Ẹ́ńjìnnì dé sáàárín wọn.

Dinah kò rí nǹkan kan mọ́ àfi irin pupa tó ń kọjá, iná tó ń ta lára kẹ̀kẹ́, àti ariwo bíréèkì tó ń ké bí ẹran. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ kọjá tán, ó ṣì ń lọ, ó lọ jìnnà, kò tíì dúró. Lápá ọ̀hún, Bernice jókòó sílẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe Hadassah ta. Igbe yẹn ni Dinah fi mọ̀ pé ó wà láàyè.

Àtẹ̀gùn irin tí wọ́n fi ń gun ẹ́ńjìnnì ló gbá ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà bí Bernice ṣe ń fà á lọ sókè. Bàtà rẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ ti ń wú. Dinah sáré dé, ó tú àpò rẹ̀, ó mú róòbù jáde láti fi ra á.

"Ẹ má ra á, Màmá," ni Bernice wí. Ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ẹ má fà á, ẹ má nà án. Egungun lè ti ṣẹ́. Ẹ fún mi ní páálí àti gèlè yín." Ó fi páálí gbé ẹsẹ̀ náà bó ṣe wà, ó fi gèlè dì í jẹ́jẹ́, kò fún un pinpin. "Ẹ jẹ́ kó wà báyìí títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà."

Èrò ti pé lé wọn lórí. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà wà níbẹ̀. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Wọn kì í gbọ́ràn. Mo rí i bó ṣe bẹ́ sílẹ̀."

Ó rọrùn fún Dinah láti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ó dìde.

"Ó gbọ́ràn," ó ní. "Èmi ni mo pè é."

Awakọ̀ náà fẹsẹ̀ rìn padà wá láti ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí. Ọláníyì lorúkọ rẹ̀. Obed kọjú sí i. "Ṣé o ò rí ọmọ ni? Kí ló dé tí o ò dúró?"

"Mo rí i, Bàbá. Bí mo ṣe rí i ni mo tẹ bíréèkì. Ẹ wo ibi tó dúró sí." Gbogbo wọn wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. "Mọ́tò lè yà sínú igbó. Tèmi ò ní ibi tó máa yà sí, irin ló ń tọ̀. Èyí ò tiẹ̀ fa ẹrù. Tó bá fa ẹrù, ojú yín ò ní rí ibi tí ì bá dúró sí." Ó wo ọmọ náà, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí òkúta. "Ó kúnlẹ̀, Bàbá. Mo ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò rí ọmọ tó kúnlẹ̀ fún ọkọ̀ mi rí."

Wọ́n gbé ọmọ náà sínú mọ́tò Obed.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ní egungun ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ níbi méjì, wọn yóò fi irin dè é, yóò sì rìn. Obed fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́bàá ògiri.

"A gbọ́dọ̀ pe Ayọ̀ọlá. Jẹ́ ká sọ pé ọmọ ló sáré fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni, wọ́n máa gbà. Kí Purity má baà..."

"Ẹ gbé fóònù náà wá, Bàbá Ayọ̀ọlá."

Purity ló gbé e. Dinah sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: pé Bernice ti kìlọ̀, pé òun fi ẹ̀rín dá a lóhùn, pé òun fẹ́ fi ọmọ yangàn lójú àgbàlagbà kan, pé òun ló pè é sórí irin.

"Màmá," ni Purity wí, "ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

Ní ọjọ́ kejì, Purity dé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì sọ fún un pé tí ẹsẹ̀ bá ti ṣeé gbé, òun yóò mú ọmọ òun lọ sí Èkó. Dinah kò bẹ̀ ẹ́. Kí ni yóò fi bẹ̀ ẹ́?

Kí wọ́n tó lọ, ó jókòó ti Hadassah lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà lanu kí Dinah tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Mi ò tètè dé ọ̀dọ̀ yín."

Dinah kò lè jókòó mọ́. Obìnrin tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn. Hadassah ń wá bó ṣe máa dìde, torí kò yẹ kí àgbà kúnlẹ̀ fún un.

"Jókòó. Gbọ́ mi. Tí mo bá pè ẹ́, tí títì tàbí ojú irin bá wà láàárín wa, má wá. Dúró síbi tó o wà. Gbé ọwọ́ ẹ sókè kí n mọ̀ pé o gbọ́. Èmi ni màá wá bá ẹ."

"Tẹ́ ẹ bá tún mi pè ńkọ́?"

"Má wá."

"Tẹ́ ẹ bá bínú?"

"Jẹ́ kí n bínú. Dúró."

Ilé dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Dinah gbé aṣọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí Hadassah ti ń kàwé, tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bèèrè ọmọ, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ní kó fún òun láàyè níwájú àwọn ọmọ láàárọ̀. Kò wàásù. Okùn méjì ló mú wá. Ó na wọ́n sílẹ̀ lórí pápá, ó ní títì rè é. Ó kó àwọn ọmọ sápá kan, ó kó àwọn olùkọ́ sápá kejì, ó ní kí olùkọ́ máa pe orúkọ. Ọmọ tó bá dúró tó gbé ọwọ́ sókè ló gbà á. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló sáré kọjá. Àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu wọn.

Àwọn kan bínú. Alàgbà kan nínú ìjọ sọ fún un pé ó ń kọ́ ọmọ ní àfojúdi. "Alàgbà," ni Dinah fi dá a lóhùn, "ọmọ tó bá yájú sí yín lónìí lè tọrọ àforíjì lọ́la. Ẹ jẹ́ kó ní ọ̀la ná." Ó lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, ó dé Òkè-Ìlá. Fáwùmí ló bá a di okùn mú níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ Hadassah san. Ó ń tiro díẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Nígbà tí ìsinmi dé, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ sí Ìlá. Purity mú un wá, ó jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ó wo bí nǹkan ṣe rí, ó sì fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Dinah ń bọ̀ láti ibi tó ti ra òwú. Ó rí Hadassah lódìkejì títì tó lọ sí Òkè-Ìlá, ó gbé ike omi lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó gbàgbé. Gbogbo ohun tó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó gbàgbé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan yẹn, torí ohun tí ènìyàn ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lára.

"Hadassah!"

Ọmọ náà gbọ́. Ara rẹ̀ fò síwájú. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè gan-an.

"Ìyá àgbà, ọkọ̀ ń bọ̀!"

Tírélà kan tó kó pákó kọjá láàárín wọn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ìró ìdí Dinah sókè. Nígbà tó kọjá tán, ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà lókè.

Obìnrin kan tó ń ta epo lẹ́bàá ibẹ̀ pòṣé. "Ẹ ò rí i? Ẹ pe ọmọ, ó dúró, ó ń na ọwọ́ sí yín bí ọlọ́pàá. Ta ló tọ́ èyí?"

"Èmi ni," ni Dinah wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, mi ò mọ̀ bóyá ojú irin wà nílùú rẹ. Títì wà. Ọmọ tí o kọ́ ní ìgbọ́ràn wà, o sì ṣe dáadáa láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ronú sí ẹni tí o pè kọjá títì láàárọ̀ yìí, tó sáré wá bá ọ, tí o kò tilẹ̀ wo ohun tó ń bọ̀ kí o tó lanu. Ó dé, o ní kó lọ bá ọ ra iyọ̀. Ṣé iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ọmọ rẹ jókòó, kí o fún un láṣẹ láti dá ọ dúró. Fi okùn kọ́ ọ nínú ọgbà ilé rẹ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Kí ìwọ náà sì kọ́ ara rẹ, torí tìrẹ ló máa le jù. Tí ọmọ bá wà lódìkejì, pa ẹnu rẹ mọ́, kí o rìn lọ bá a.